Èèkù Ìbọn Bàbá Lorne

Kestrel Lake, Alberta, Kánádà
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, 2004

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ooru Danao o. Àwa tí a wà níhìn-ín, òtútù là ń kí. Yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, ewé sì ti wọ́ tán lórí igi. Mo kí Màámi. Mo kí ẹlẹ́dẹ̀ wọn náà, torí mo mọ̀ pé bí mi ò bá kí i, wọ́n á ní mo ti di òyìnbó. Ara mi le, mò ń jẹun, mo sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ọ̀nà bá ṣeé rìn.

Mo ti kúrò nílé iṣẹ́ tí a ti ń pa màlúù. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù. Ṣọ́ọ̀bù ìbọn ni mo wà báyìí.

Ẹ má tíì fa lẹ́tà yìí ya. Ìwọ̀ ẹja ni mo lọ rà níbẹ̀ nígbà ooru, mo sì rí i lára ilẹ̀kùn pé wọ́n ń wá òṣìṣẹ́. Ìyá arúgbó kan ló ni ín, Olha Hrynchuk lorúkọ wọn. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní Olha lásán bí gbogbo ìlú ṣe ń pè wọ́n, ahọ́n mi kọ̀ ọ́. Ìyá Olha ni mò ń pè wọ́n. Wọ́n bi mí pé, “Kí lo mọ̀ nípa ìbọn?” Mo ní, “Bàbá mi ń rọ ọ́.” Wọ́n ní, “Ilé iṣẹ́ wo?” Mo ní, “Abẹ́ igi àgbọn, lẹ́yìn òkè.” Bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí gíláàsì fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Gbogbo ẹni tó ń wá síbí ló ń parọ́ fún mi pé òun mọ ìbọn. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ òtítọ́ tó lè kó bá a.” Bí mo ṣe gbaṣẹ́ nìyẹn.

Mi ò kọ ọ́ sí yín látìgbà náà torí wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìbọn ìléwọ́ kankan. Ilẹ̀ ni mò ń gbá, ìwọ̀ ẹja ni mò ń tà. Wọ́n ní kí n lọ kẹ́kọ̀ọ́, kí n ṣe ìdánwò, kí n dúró de ìwé àṣẹ ìjọba. Ìwé àṣẹ náà ti dé. Mo gbé e kọ́ sára ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì mi.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni àgbàtà. Ẹni tó ní ìbọn tí kò lò mọ́ á gbé e wá sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, a ó bá a wá ẹni tó máa rà á, a ó yọ díẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù, a ó kó ìyókù fún un. Àgbẹ̀ àgbàlagbà kan, Bàbá Lorne Pruden, gbé ìbọn ìléwọ́ kan wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí ẹ bá rí i, Bàbá! Ẹ kọ̀wé sí mi kíákíá. Mo mọ̀ pé ẹ máa bínú, ẹ ṣáà kọ̀wé.

Ọmọ yín,
Dionel


Danao, Cebu
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kọkànlá, 2004

Dionel, Dong, ọmọkùnrin mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Ìyá rẹ ló gbà á, òun ló kọ́kọ́ kà á, ó sì ti sunkún tán kí ó tó gbé e fún mi, tó fi jẹ́ pé ojú rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ka ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ṣé o mọ ohun tí o ṣe? Mo rọ ìbọn kí o lè jẹun. Mo rọ ọ́ kí o lè kàwé. Mo ta èyí tó dára jù nínú wọn kí o lè wọ bàálù, kí ọwọ́ rẹ má baà dúdú bíi tèmi. O wọ bàálù, o fò kọjá òkun, o wá lọ bà sórí ìbọn bí eṣinṣin tó rí ọgbẹ́. Bó bá jẹ́ pé ìbọn lo fẹ́, ṣebí ilé ni ò bá jókòó sí. Kò sí òtútù níbí.

Àgbàtà wo? Èmi Policarpo lo ń ṣàlàyé àgbàtà ìbọn fún? Ẹni tó bá gbé ìbọn sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó ní “bá mi tà á”, ó ní ohun tó ń sá fún. Arúgbó tí o ń pè ní Lorne yẹn, ta ló yìn ín lù? Ṣé o bi í? Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá wọlé, ọwọ́ ta ni wọ́n máa bá a? Ọwọ́ ọmọ Danao. Ìyá Olha rẹ á ní òun ò mọ̀ ọ́ rí, wọ́n á sì gbà á gbọ́, torí èdè kan náà ni wọ́n jọ ń sọ.

Àwọn ọlọ́pàá tún gun òkè wá síbí lóṣù tó kọjá. A ti ri irin iṣẹ́ wa mọ́lẹ̀ sábẹ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ọ̀gá wọn bi mí pé kí ni mò ń ṣe jẹun. Mo ní ẹlẹ́dẹ̀ ni mò ń sìn. Ó wo ẹlẹ́dẹ̀ ìyá rẹ, ọ̀kan ṣoṣo, ó wo èmi, ó ní, “Bàbá, ẹlẹ́dẹ̀ yìí mà ń gbìyànjú o.” Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Irú ayé yẹn ni mi ò fẹ́ fún ọ. Padà sílé iṣẹ́ màlúù. Màlúù tó ti kú kì í pe ọlọ́pàá.

Èmi ni,
Bàbá rẹ


Kestrel Lake
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kìíní, 2005

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ bá mi bẹ Màámi, ẹ ní kí wọ́n nu ojú wọn.

Ọlọ́pàá tí ẹ ń bẹ̀rù nítorí mi, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù lánàá. Kọfí ló wá mu. Ó jókòó lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná, ó jẹ nínú oúnjẹ Ìyá Olha, ìyẹn ọ̀dùnkún tí wọ́n dì sínú ìyẹ̀fun, ó ní kò níyọ̀. Ìyá Olha ní kí ó lọ jẹ ti ìyàwó rẹ̀. Bí a ṣe ń bá ọlọ́pàá gbé níhìn-ín nìyẹn. Èmi gan-an, ìgbà àkọ́kọ́ tó wọlé, mo ti sáré dé ẹ̀yìn ilé kí n tó rántí pé kò sí ohun tí mo ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Gbogbo ìbọn ìléwọ́ ilẹ̀ yìí ló ní nọ́ńbà, ìjọba sì mọ ẹni tó ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Kí Bàbá Lorne tó gbé tiwọn wá sọ́dọ̀ wa, wọ́n kọ́kọ́ gbàṣẹ, wọ́n ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ibi tí ìka ń wọ̀, wọ́n tún ti àpótí rẹ̀ pa. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ bíi tèmi, ó sì gbọ́dọ̀ dúró títí ìjọba á fi ní “ó ti di tìẹ”. Títí di ọjọ́ yẹn, bó tiẹ̀ wà nínú àpótí gíláàsì tí a fi ń pàtẹ ìbọn, tí mò ń nù ún láràárọ̀, ìbọn Bàbá Lorne ni. Bí wọ́n bá jí lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní àwọn ò tà mọ́, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ béèrè ẹni tí wọ́n yìn ín lù. Pátákó ni, Bàbá! Wọ́n máa ń lọ díje nínú ìyìnbọn. Àmì ẹ̀yẹ kún ògiri ilé wọn. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n báyìí, àwọn ọmọ wọn sì fẹ́ kó wọn lọ sílé ìtọ́jú àgbàlagbà, ìbọn ò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀ fún wa, wọ́n ní, “Mi ò fẹ́ kó lọ sùn sínú kọ́bọ́ọ̀dù olówó kan. Ẹni tó máa lò ó ni kẹ́ ẹ wá fún mi.” Wọ́n ti lé olùrà lọ. Ọ̀kan ní òun fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́ ilé, Bàbá Lorne ní kí ó lọ ra òdòdó.

Àbùkù kan ṣoṣo ló ní. Ó já bọ́ láti inú ọkọ̀ wọn nígbà kan, èèkù onígi rẹ̀ sì là. Gbogbo ẹni tó bá ti rí i ló ń fi bú u. Mo máa ń wò ó, mo sì máa ń rò pé bí ó bá dé ọwọ́ bàbá mi, ọ̀sán kan péré ni.

Ọmọ yín,
Dionel


Danao
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kejì, 2005

Dong,

Mo rí i pé mo ti sáré bú àgbàlagbà tí kò ṣẹ̀ mí. Bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Lorne, kódà bí kò bá mọ̀ pé mo bú òun.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún àwọn ẹgbẹ́ mi lórí òkè. Nígbà tí mo dé ibi ọlọ́pàá tó ń mu kọfí, Isko, tí a jọ ń rọ irin, ní kí n padà sẹ́yìn kí n tún un kà. Ó ní irọ́ ni. Ó tún ní, bó bá jẹ́ òótọ́, òun fẹ́ kú síbẹ̀.

Ya àwòrán èèkù yẹn fún mi. Gbé e lé bébà, fi lẹ́ẹ̀dì yí i po, ọ̀tún àti òsì, kí o sì sọ ibi tí ìṣó rẹ̀ wọlé sí. Mo kàn fẹ́ wò ó ni.

Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an rèé. Alágbẹ̀dẹ tó ń lurin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń rọ ìbọn, orúkọ àwọn òyìnbó ni mo sì ń tẹ̀ sára gbogbo wọn, torí ohun tí ọjà fẹ́ nìyẹn. Ẹni tó rà á ń gbé e pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ mi sínú gíláàsì rí, tó tan iná sí i, kí ènìyàn dúró kí ó sọ pé “ó mà dára o”. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi tí mi ò tà. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù láyé mi ni. Mo lè tú u palẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sí ọ láàárín máńgò gbígbẹ, díẹ̀díẹ̀. Gbé e sínú gíláàsì Ìyá Olha, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Lorne. Bí ẹnì kan ò bá tiẹ̀ rà á. Kí wọ́n ṣáà rí i.

Ìyá rẹ ní kí o wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì.

Bàbá rẹ


Kestrel Lake
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta, 2005

Bàbá mi,

Ẹ má dán an wò. Mo bẹ yín, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ má dán an wò! Àwòrán èèkù tí ẹ ní kí n yà rèé nínú àpòòwé yìí, torí bébà kì í pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ irin kan bá fi wọ inú máńgò yẹn, ẹ̀wọ̀n ni mò ń lọ. Wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù Ìyá Olha pa, opó tó fi ogójì ọdún kọ́ orúkọ rere.

Ẹ gbọ́ mi yé. Iṣẹ́ yín kò ní nọ́ńbà, kò ní ìwé, orúkọ tó wà lára rẹ̀ irọ́ ni. Níhìn-ín, ọmọlúàbí kì í fọwọ́ kan irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Kò lè wọ inú gíláàsì yìí láéláé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì kíákíá kí ọkàn mi lè balẹ̀.

Dionel


Kestrel Lake
Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún, 2005

Bàbá mi, Màámi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Mi ò gbọ́ nǹkan kan látọ̀dọ̀ yín. Mo lọ tún lẹ́tà tí mo kọ kẹ́yìn rò, mo sì rántí ohun tí mo sọ nípa iṣẹ́ yín. Ẹyin lọ̀rọ̀, mo ti ju tèmi sílẹ̀, mo sì ń wò ó bó ṣe fọ́. Ìbẹ̀rù ló kọ ọ́, Bàbá.

Ọmọ Cebu kan tí a jọ ṣiṣẹ́ nílé màlúù sọ pé ọlọ́pàá tún gun òkè yín lọ láti kó àwọn alágbẹ̀dẹ. Bí ẹ bá ń bínú, ẹ kọ “mò ń bínú” síwèé kan kí ẹ fi ránṣẹ́. Ìyẹn náà tó. Kí n ṣáà mọ̀ pé ẹ wà nílé.

Dionel


Kestrel Lake
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹfà, 2005

Bàbá mi,

Ẹ kò tíì dá mi lóhùn. Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbí tí mi ò mọ ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún. Bí ẹ bá tiẹ̀ ń bínú lọ, ẹ máa kà á bí ẹ ṣe ń bínú.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Ìyá Olha ní orúnkún, èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin kan wọlé lọ́sàn-án, Ward Finnerty. Mo mọ̀ ọ́n ní ojú. Màlúù ló ń sìn, ní àríwá ìlú. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí àrùn wèrè lára màlúù kan ní ilẹ̀ yìí, Amẹ́ríkà ti ẹnubodè, màlúù ò níyì mọ́, àwọn ènìyàn bíi tirẹ̀ ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ó lọ tààrà síbi gíláàsì, ó nawọ́ sí ìbọn Bàbá Lorne. “Èyí ńkọ́?” Mo mú un jáde, mo ṣí i hàn án pé kò sí ọta nínú rẹ̀, mo nà án sí i. Kò gbà á. Bàbá, ta ló ń ra ìbọn tí kì í kọ́kọ́ gbé e wò lọ́wọ́? Kò wo èèkù tó là. Kò dúnàádúrà.

Ó ní, “Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?”

“Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.”

“Ṣé mo lè mú un lọ lónìí?”

“Rárá o. Ẹ mọ̀ pé ìjọba gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ó tó di tiyín. Ọjọ́ mélòó kan ni.”

“Ọjọ́ mélòó kan ti pọ̀ jù.”

Mo fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo ní, “Kí lẹ fẹ́ fi ṣe lónìí olónìí? Ṣebí ẹ ní ìbọn oko nílé.”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ti kó gbogbo wọn lọ.”

Mo ní, “Kí ló dé?” Ó yọ ìwé àṣẹ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí káńtà. “Ìwé mi pé. Owó nìyí. Tà á fún mi.”

Ìwé rẹ̀ pé lóòótọ́. Kò sí ibì kankan nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ fún ìdánwò tó sọ pé kí n má tà fún ọkùnrin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó ìbọn rẹ̀ lọ. Ó wá yé mi pé ara rẹ̀ ló fẹ́ yìn ín lù. Bí mo bá ní “rárá”, ó lè jáde lọ wá òmíràn. Ọ̀rọ̀ àgbàtà ló wá sí mi lẹ́nu. Mo ní, “Ọ̀gá, ìbọn yìí kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ni ín ló gbọ́dọ̀ sọ pé òun tà á. Ẹ jókòó kí n pè é.” Mo gbé ìbọn padà, mo ti gíláàsì pa, mo ju kọ́kọ́rọ́ sínú bàtà mi.

Mo pe Bàbá Lorne níṣojú rẹ̀. Mo ní, “Ẹnì kan fẹ́ ra ìbọn yín, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kó tilé rẹ̀ lọ, kò sì fẹ́ dúró.” Wọ́n ní, “Ṣe kọfí fún un. Má jẹ́ kó lọ.”

Kí ni mo fẹ́ sọ tí ò fi ní lọ? Ẹlẹ́dẹ̀ Màámi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún un. Mo ní ó máa ń sùn sábẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ìwàásù. Ó bi mí pé irú ẹlẹ́dẹ̀ wo ni. Mo ní onígbàgbọ́ ni. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dé ètè rẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

Bàbá Lorne fúnra wọn ló wa ọkọ̀ wọn wá, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ wọn ti ní wọn ò gbọ́dọ̀ wakọ̀ mọ́. Wọ́n fa àga sún mọ́ ọn, orúnkún wọn kan orúnkún rẹ̀. Wọ́n ní, “Ward, mo mọ bàbá ẹ. Mi ò ta ìbọn mi fún ẹ.”

“Ṣé owó mi ò dáa ni?”

“Owó ẹ dáa. Ìwọ gan-an ni mò ń wò.”

Ọkùnrin náà wá bú sẹ́kún, Bàbá, àgbàlagbà ọkùnrin. Ó ní, “Lorne, èmi ni mo yìnbọn pa àwọn màlúù mi. Wọn ò tó owó koríko tí wọ́n ń jẹ mọ́. Mo mọ orúkọ gbogbo wọn.” Bàbá Lorne fi ọwọ́ wọn tó ń gbọ̀n yẹn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n kàn ń sọ pé, “Mo gbọ́. Mo gbọ́.” Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dé, àwọn méjèèjì gbé e lọ sí ọsibítù, Bàbá Lorne jókòó tì í lẹ́yìn ọkọ̀ títí wọ́n fi débẹ̀. Wọ́n gbà á sílé ìwòsàn, ó wà láàyè.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá Olha pè láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, mo rò ó fún wọn. Wọ́n ní, “Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, ọmọ. Ọjà tí mi ò tà ni mo fi ń sùn dáadáa.” Wọ́n ní kí n tilẹ̀kùn, kí n lọ sílé, kí n jẹun.

Ẹ̀yin ni mo fẹ́ rí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ kọ̀wé sí mi.

Dionel


Danao
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Keje, 2005

Dionel, ọmọ mi,

Mo wà nílé. Kò sẹ́ni tó kó mi. Mo bínú, mi ò ní tàn ọ́. Ọ̀rọ̀ tí o sọ nípa iṣẹ́ mi wọ̀ mí lára, ohun tó sì dùn mí jù ni pé mo wò ó yí po, mi ò rí ibi tí irọ́ wà nínú rẹ̀. Mo ní mi ò ní kọ̀wé mọ́. Ìyá rẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀, ó ń gbé oúnjẹ mi kalẹ̀ bí ẹni ń bọ́ ajá aládùúgbò.

Lẹ́tà oṣù Kẹfà dé, ó kà á sí mi létí. Nígbà tó dé ibi tí o ju kọ́kọ́rọ́ sínú bàtà, mo dìde. Nígbà tó dé ibi tí Lorne di ọwọ́ ọkùnrin yẹn mú, mo jáde lọ síta kí ó má baà rí ojú mi. Ó tẹ̀ lé mi jáde. Ó ní, “Policarpo, ta ló bí ọmọ yìí?” Mo ní, “Ìwọ ni.” Ó ní, “Àwa méjèèjì ni, arúgbó.” Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn.

Ọmọ mi, èmi mọ bí a ti ń ṣe ìbọn tó lè yìn. Ìwọ mọ ìgbà tí kò yẹ kó yìn. Tìrẹ le ju tèmi lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn lórí òkè, kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn, Isko pàápàá.

Àpótí kan ń bọ̀. Má sá fún un. Kò sí irin nínú rẹ̀, ìṣó kékeré pàápàá kò sí. Jẹ́ kí ajá àwọn aṣọ́bodè gbóòórùn rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Igi ni. Igi náńkà, eléso ńlá yẹn tó wó lẹ́yìn ilé, ni mo gé, mo sá a gbẹ, mo gbẹ́ ẹ sórí àwòrán tí o fi ránṣẹ́, ọ̀tún àti òsì. Mo gbẹ́ àyè àtàǹpàkò sí i díẹ̀, torí mo rántí pé ọwọ́ Lorne ń gbọ̀n. Bí kò bá bá a mu, fi dáná.

Bàbá rẹ


Kestrel Lake
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 2005

Bàbá mi, Bàbá mi tòótọ́,

Àpótí dé. Àwọn aṣọ́bodè ti já a, wọ́n tún dì í. Ó jọ pé wọ́n jẹ nínú máńgò tí ẹ fi sí i, kí ó jẹ́ fún wọn. Ìyá Olha ti ń fi ọ̀pá rìn. Wọ́n ní kí n gbé e sórí káńtà níṣojú àwọn.

Mo tú aṣọ kúrò lára rẹ̀. Ó pọ́n bí oyin. Ìyá Olha fọwọ́ pa á, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní, “Àwòrán bébà lo fi ránṣẹ́ sí i, àbí ìbọn gan-an?” Mo tú èèkù tó là kúrò, mo fi tiyín sí i. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìgbà tí ibẹ̀ ló hù sí.

A ránṣẹ́ sí Bàbá Lorne. Wọ́n gbé e lọ́wọ́, àtàǹpàkò wọn sì wọ ibi tí ẹ gbẹ́ fún un. Bàbá, ọwọ́ yẹn gbọ̀n díẹ̀, ó wá dúró. Kò pẹ́ púpọ̀, àmọ́ ó dúró. Wọ́n ní, “Ta ló ṣe èyí?” Mo ní, “Bàbá mi.” Wọ́n ní, “Sọ fún un pé n kì bá tí fẹ́ tà á tó bá jẹ́ pé ó ti wà bẹ́ẹ̀ látijọ́.”

Wọ́n ti tà á o. Olùkọ́ ọmọdé kan ló rà á, Brynn Sawatzky, tó máa ń lọ díje ìyìnbọn. Bàbá Lorne mú un lọ sí pápá ìyìnbọn fúnra wọn, wọ́n jókòó tì í ní gbogbo òwúrọ̀, wọ́n ń bá a wí bí ọmọ wọn. Wọ́n padà dé, wọ́n ní, “Ẹ kọ̀wé sí ìjọba. Tirẹ̀ ni.” Wọ́n wọlé sílé àgbàlagbà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ward Finnerty ló bá wọn gbé àga. Ó yà lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ra okùn ìwọ̀ ẹja. Kò sọ ohun kankan nípa ọjọ́ yẹn. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní, “Kọfí ẹ ò dáa rárá, mo fẹ́ kí o mọ̀.” Mo ní, “Ẹ tún padà wá mu ún.” Ó ní òun máa wá.

Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ báyìí rèé. Ìyá Olha ní àwọn ènìyàn pọ̀ tí èèkù ìbọn wọn ti là tàbí tí kò bá ọwọ́ wọn mu. Wọ́n fẹ́ kí ẹ máa ṣe é, kí àwọn máa bá yín tà á ní àgbàtà, bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo ènìyàn. Igi nìkan ni, òfin kò ní ohunkóhun í bá a ṣe. Wọ́n ti ṣí àyè sílẹ̀ nínú gíláàsì, wọ́n tan iná sí i. Káàdì kékeré máa wà níwájú rẹ̀ tí a máa kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sí. Mo mú kálàmù, ọwọ́ mi sì dúró. Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, a kì í sọ orúkọ yín níta pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ṣé kí n kọ “alágbẹ̀dẹ kan ní Cebu”? Ẹ̀yin lẹ ó sọ. Káàdì náà ṣì ṣófo.

Ọmọ yín,
Dionel


Danao
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Kẹwàá, 2005

Dong,

Policarpo Lawas Capuras. Lawas ni orúkọ ìdílé ìyá mi, má gé e kúrò. Kọ Danao sí i. Fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, torí àwọn tó ń wo ìbọn níbẹ̀ lè jẹ́ arúgbó.

Mi ò ní parọ́ fún ọ pé mo ti da irin abẹ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀ nù. Ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà òjò, mi ò tíì gbẹ́ ilẹ̀ náà, ẹlẹ́dẹ̀ sì ti bímọ sórí rẹ̀. Èèkù mẹ́ta ti parí. Ìyá rẹ ló ń fi epo àgbọn dán wọn, ó sì ti ń bá mi jà pé orúkọ tòun náà dà.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo jókòó nínú ilé, mò ń gbẹ́ ìkẹrin. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ wojú mi. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, tí wọ́n bá ti kan ilẹ̀kùn, fèrèsé ẹ̀yìn ni mò ń bá jáde. Òun ló máa ń dúró títí n ó fi dé ìsàlẹ̀ òkè kí ó tó ṣí i. Ó ti dìde, ó dúró níbi tó máa ń dúró sí.

Mo wo igi tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Jókòó.” Mo wá gbóhùn sókè, mo ní, “Ẹ wọlé o, a wà ńlé!”

Ẹni tó ń pín lẹ́tà ni. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ìyá rẹ bu omi fún un, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń mu ún, ó ń wo ọwọ́ mi bí mo ti ń gbẹ́ igi. Ó mu omi náà tán, kò dìde. Ó ní, “Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?”

Mo sọ fún un.

Bàbá rẹ,
Policarpo Lawas Capuras